Béèsì wo ni kí n rà? Bí a ṣe ń yan béèsì, bí a ṣe ń tò ó, àti bí a ṣe ń gbé e lọ sóde

Ìbéèrè tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń ta gìtá béèsì ń bèèrè jù nìyí, orúkọ ni wọ́n sì máa ń retí: Fender ni àbí Yamaha, Ibanez ni àbí Cort. Ọrùn ló yẹ kí ẹ bèèrè. Béèsì olówó ńlá tí ọrùn rẹ̀ ti lọ́ yóò dójú tì yín níwájú ìjọ. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, tí ọrùn rẹ̀ tọ́, tí ẹni tó mọṣẹ́ sì tò ó, yóò gbé orin láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọrùn fi gùn nísàlẹ̀ yìí, tí ọ̀rọ̀ orúkọ kò fi tó ìlà méjì.

## Kí ẹ tó jáde nílé: ẹ pín owó náà

Bí gbogbo owó ọwọ́ yín bá jẹ́ mẹ́wàá:

- mẹ́fà fún béèsì fúnra rẹ̀
- ọ̀kan fún okùn tuntun àti owó ẹni tó máa tò ó
- ọ̀kan fún wáyà, bẹ́líìtì àti báàgì
- méjì fún DI, àpótí kékeré tó ń so béèsì mọ́ míksà

Ẹ ò rí áńpù níbẹ̀, kì í ṣe pé a gbàgbé. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde ówàńbẹ̀, inú míksà ni wọ́n máa ki wáyà yín bọ̀. Áńpù lè dúró di ìgbà tí iṣẹ́ bá ń wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ máa dánra wò nílé lóru láìdí aládùúgbò lọ́wọ́, áńpù kékeré tí wọ́n ń ki bọ ihò gìtá, tí a ń fi headphone gbọ́, ti tó.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn ná mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sórí béèsì, kó wá máa fi okùn tó ti dípẹtà àti wáyà tó ń já lemọ́lemọ́ ta á.

## Okùn mẹ́rin ni àbí márùn-ún?

Olókùn mẹ́rin ní E, A, D àti G. Olókùn márùn-ún fi B kún un nísàlẹ̀. Ohùn tuntun tí B yìí ń fún yín kò ju márùn-ún lọ: E♭, D, D♭, C àti B. Àwọn tí akọrin wọn fẹ́ràn kíì E♭ tàbí D♭ ló nílò wọn. Lórí olókùn mẹ́rin, E♭ tó wà nísàlẹ̀ jù ni ti frẹ́ẹ̀tì 6 (frẹ́ẹ̀tì ni àwọn irin tó dábùú ọrùn) lórí okùn A. Lórí olókùn márùn-ún, ẹ ó rí òmíràn tó jìn jù ú lọ ní frẹ́ẹ̀tì 4 lórí okùn B.

Ṣùgbọ́n ẹ wo sípíkà ibi tí ẹ ti ń ta kí ẹ tó sanwó okùn karùn-ún. Okùn E ń gbọ̀n nígbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, okùn B nígbà 31. Ibi tí kò bá ti sí sípíkà ńlá tó wà fún ohùn ìsàlẹ̀ nìkan, B yóò kàn máa kù rìrì bí àrá òkèèrè, kò sẹ́ni tó máa mọ ohùn tí ẹ ta. Fún jùjú, highlife àti afrobeat, mẹ́rin tó. Fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, mẹ́rin náà ni, nítorí ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, okùn tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ máa pa lẹ́nu mọ́ kò sì pọ̀.

Bí ẹ bá ti ra mẹ́rin, tí B wá ń wù yín, ọ̀nà méjì wà:

- Ẹ tú okùn E sílẹ̀ di D. Gbogbo ohùn orí okùn náà yóò sún síwájú ní frẹ́ẹ̀tì méjì: G tó wà ní frẹ́ẹ̀tì 3 tẹ́lẹ̀ yóò bọ́ sí 5.
- Ẹ fi okùn B, E, A, D sórí olókùn mẹ́rin. Okùn B nípọn (0.125 sí 0.130 inch), nítorí náà wọ́n ní láti fi fáìlì fẹ ojú nọ́tì, ègé kékeré lórí ọrùn tí okùn ń gbà kọjá. Bí ẹ bá tún fẹ́ padà sí E, A, D, G, nọ́tì tuntun ni.

Fún ọmọdé tàbí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kúrú, ẹ wá èyí tí okùn rẹ̀ gùn ní 30 inch láti nọ́tì dé bíríìjì, ibi tí okùn ti so mọ́ ara gìtá. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ 34 inch.

## Píkọ́ọ̀pù

Píkọ́ọ̀pù ni mágnẹ́ẹ̀tì abẹ́ okùn tó ń gbé ohùn lọ sínú wáyà. Irú méjì ni ẹ ó máa rí jù. P jẹ́ píkọ́ọ̀pù kan tí wọ́n gé sí méjì. Ohùn rẹ̀ ki, kì í sì í kùn. J jẹ́ píkọ́ọ̀pù gbọọrọ méjì; ohùn rẹ̀ ń là jáde dáadáa, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dín ọ̀kan kù, á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí eṣinṣin. Ẹ ṣí kọ́ọ̀bù fólúùmù méjèèjì bákan náà, ìkùn náà á lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbé gìtá tí kò ṣàìsàn lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe nítorí èyí.

Àwọn béèsì kan tún ń lo bátìrì 9V. Ohùn wọn le, ẹ sì lè tún un ṣe lára gìtá. Ìṣòro rẹ̀ ni pé bátìrì kì í dágbére kó tó kú.

## Bí a ṣe ń yẹ béèsì wò lọ́jà

Yálà Alábà nílùú Èkó ni ẹ lọ o, yálà ọwọ́ ẹni tó kó tòkunbọ̀ dé ni ẹ ti fẹ́ rà á, ìlànà kan náà ni. Ẹ rántí pé ẹni tó ń ta béèsì lè má mọ béèsì í ta. Ẹ mú wáyà tiyín dání, àti fóònù tó ní áàpù tíúnà, àti ìwé A4 mẹ́rin, àti káàdì ATM mẹ́ta. Ẹ ó rí iṣẹ́ wọn láìpẹ́.

1. Ẹ kọ́kọ́ tíùn ún. Béèsì tí okùn rẹ̀ dẹ̀ kò lè sọ òótọ́ nípa ọrùn rẹ̀, nítorí agbára okùn ló ń fa ọrùn sí bó ṣe yẹ kó wà.
2. Ẹ wo ọrùn bí ọdẹ ṣe ń wo ẹnu ìbọn. Ẹ gbé orí gìtá súnmọ́ ojú, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọrùn lọ sí ara, apá ọ̀tún, lẹ́yìn náà apá òsì. Bí méjèèjì bá tẹ̀ bákan náà, a lè tún un ṣe. Bí apá kan bá tẹ̀ síwájú tí èkejì tẹ̀ sẹ́yìn, ọrùn ti lọ́. Ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀, ì báà jẹ́ ìdajì owó ló ní kí ẹ san.
3. Ẹ wọn ìtẹ̀ rẹ̀. Ẹ tẹ okùn E mọ́ frẹ́ẹ̀tì 1, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ níbi tí ọrùn ti pàdé ara. Àlàfo kékeré yẹ kó wà láàárín okùn àti frẹ́ẹ̀tì 8, bí ìwé A4 mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí okùn bá lẹ̀ mọ́ irin pátápátá tàbí tí àlàfo náà gba odindi káàdì ATM, ó ń fẹ́ àtúnṣe.
4. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ojú truss rod. Irin tí wọ́n tì bọ inú ọrùn nìyẹn, òun ló ń tọ́ ọrùn. Bí ojú ibi tí álẹ́nkì ń wọ̀ bá ti jẹ, tó ti di róbótó, a jẹ́ pé ẹnì kan ti fipá yí i. Béèsì tí truss rod rẹ̀ kò yí mọ́ dà bí ọkọ̀ tí kò ní síárìn.
5. Ẹ ta gbogbo frẹ́ẹ̀tì lórí gbogbo okùn. Bí frẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ 20, tí okùn jẹ́ 4, ohùn 80 ni. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹ ṣọ́ ibi tí okùn ti ń ha irin, àti ibi tí ohùn ti ń kú kíákíá. Bí ó bá ń ha níbi gbogbo, títò ló fẹ́. Bí ó bá jẹ́ frẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, irin tí okùn ń ha ti yọ sókè tàbí èyí tí ẹ tẹ̀ ti jẹ.
6. Ẹ wo ojú irin lábẹ́ okùn. Bí okùn bá ti gbẹ́ kòtò jíjìn sí i, owó pípààrọ̀ frẹ́ẹ̀tì ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye tí ẹ máa san.
7. Ẹ ki wáyà rẹ̀ bọ áńpù. Ẹ yí gbogbo kọ́ọ̀bù síwá-sẹ́yìn, kí ẹ sì mi ẹnu wáyà díẹ̀. Kọ́ọ̀bù tó ń ha gàrà-gàrà jẹ́ ìdọ̀tí, ohun kékeré ni. Ihò wáyà tó ń já fẹ́ kí wọ́n fi léèdì jó o, ohun kékeré náà ni. Píkọ́ọ̀pù tí kò dún rárá kì í ṣe ohun kékeré.
8. Ẹ ṣí ilé bátìrì bó bá ní. Bátìrì àtijọ́ tó ti ṣàn sínú rẹ̀ a máa fi àwọ̀ ewé hàn lára irin. Ó ṣeé ṣe kó ti jẹ wáyà inú.
9. Ẹ gbé e kọ́rùn kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Bí orí rẹ̀ bá ń wọ́ lọ sílẹ̀, ọwọ́ òsì yín ni yóò máa gbé e ní gbogbo ìsìn. Bẹ́líìtì fífẹ̀ tó ní awọ nínú lè dín in kù, kò lè mú un kúrò.
10. Ẹ wo ẹ̀yìn orí gìtá àti ibi tí sùkúrù mẹ́rin ti so ọrùn mọ́ ara. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn orí lè jẹ́ ibi tó ti kán rí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀.

Nípa orúkọ: ẹnikẹ́ni lè lẹ orúkọ ńlá mọ́ orí gìtá. Ipò tí gìtá wà ni kí ẹ san owó lé lórí.

## Títò ó: bó ṣe yẹ kó tẹ̀léra

Èyí tí wọ́n bá ṣe ṣáájú àsìkò rẹ̀ ni wọ́n máa tún ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Okùn tuntun, tíùn, ọrùn, gíga okùn, ìbámu ohùn: bó ṣe tẹ̀léra nìyẹn.

Okùn. 0.045 sí 0.105 inch ló wọ́pọ̀ fún olókùn mẹ́rin. Èyí tí ara rẹ̀ rí gbágun-gbàgun ń dún fọ̀ọ̀, ó dára fún orin ìyìn tó yára àti fún títa pẹ̀lú àtàǹpàkò. Èyí tí ara rẹ̀ ń dán bọ̀rọ́ ń dún dùm-dùm, ó bá jùjú àti highlife mu, ó sì máa ń pẹ́ gan-an. Ẹ máa pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọrùn má bàa ṣàdédé tú sílẹ̀. Ẹ fi bí ìwọ̀n 10 sí 12 cm sílẹ̀ kọjá pẹ́gì rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ká okùn níbi tí ẹ fẹ́ gé kí ẹ tó gé e. Bí ẹ bá gé e ní títọ́, wáyà tí wọ́n wé mọ́ ọn lè tú, okùn náà á sì kú látọjọ́ àkọ́kọ́. Yíyí méjì sí mẹ́ta lára pẹ́gì tó, kó sì máa sọ̀ kalẹ̀.

Okùn wọ́n, a mọ̀. Bí èyí tí ara rẹ̀ rí gbágun-gbàgun bá ti dún kú, ẹ tú u, ẹ sè é nínú omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ nù ún gbẹ pátápátá. Ó máa jí fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọrùn. Ẹ lo álẹ́nkì tó bá ihò mu ṣinṣin. Béèsì Amẹ́ríkà sábà máa ń lo ìwọ̀n inch, ti Éṣíà ń lo mm. Bí ẹ bá fi 4.5 mm sínú ihò 3/16 inch, ẹ máa jẹ ojú rẹ̀ ni.

1. Bí àlàfo frẹ́ẹ̀tì 8 bá tóbi jù, ẹ yí i bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Bí kò bá sí àlàfo, ẹ yí i sí òdìkejì.
2. Ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí ni, lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tíùn padà. Ẹ wọ̀n ọ́n.
3. Ẹ jẹ́ kó sinmi dọjọ́ kejì kí ẹ tó yí i mọ́.
4. Bó bá le koko, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọṣẹ́. Truss rod tó bá kán sínú ọrùn, ọrùn tuntun ni wọ́n máa ní kí ẹ rà.

Ọyẹ́ a máa gbẹ igi, òjò a máa mú un wú. Béèsì tí ẹ tò ní oṣù keje lè bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin ní oṣù Ṣẹẹrẹ. Kò sẹ́ni tó ṣe é léèmọ̀. Ẹ tún ọrùn wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Gíga okùn. Ní frẹ́ẹ̀tì 17, láìtẹ okùn, káàdì ATM mẹ́ta yẹ kó gba abẹ́ okùn E kọjá ní wẹ́rẹ́. Káàdì kan nípọn ní 0.76 mm, nítorí náà mẹ́ta jẹ́ bí 2.3 mm. G lè rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i, bí 2 mm. Ẹni tó ń fi agbára ta á nílò kó ga jù bẹ́ẹ̀. Sùkúrù kéékèèké tó wà lórí sádùlù, irin tí okùn gbé lé níbi bíríìjì, ni ẹ ó máa yí.

Ìbámu ohùn. Ẹ fi ìka kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ lókè frẹ́ẹ̀tì 12, láìtẹ̀ ẹ́, kí ẹ ta á: á dún bí agogo. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀ ẹ́ ní frẹ́ẹ̀tì 12 kan náà. Tíúnà gbọ́dọ̀ sọ ohun kan náà fún méjèèjì. Bí èyí tí ẹ tẹ̀ bá ga jù, ẹ fa sádùlù sẹ́yìn, kúrò lọ́dọ̀ ọrùn. Bó bá rẹlẹ̀, ẹ tì í síwájú. Bí ẹ bá ti fi okùn gbígbó ṣe èyí, ẹ kàn fi àkókò yín ṣòfò ni.

## Wáyà, DI àti míksà

Wáyà tó gùn ní 3 sí 6 mítà tó. Bí béèsì tí kò lo bátìrì bá wà lórí wáyà tó gùn jù bẹ́ẹ̀, ohùn òkè rẹ̀ á máa sọnù lọ́nà.

- Béèsì tí kò lo bátìrì: ẹ ra DI tó ń lo iná tirẹ̀. Míksà lè fún un ní 48V, tàbí kó lo bátìrì.
- Béèsì oníbátìrì: DI lásán tí kò lo iná ṣe é.
- Bí ohùn bá ń kùn: ẹ tẹ bọ́tìnì ground lift lára DI.

Ẹ sọ fún onísáǹdù kó pa fólúùmù yín kí ẹ tó fa wáyà yọ. Gbàù tí ẹ máa ń gbọ́ nígbà náà lè ba sípíkà jẹ́.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ra áńpù, ẹ má fi wáyà gìtá so orí áńpù mọ́ àpótí sípíkà. Ó lè gbóná títí yóò fi yọ́. Ẹ sì ka iye ohm: àpótí 8 ohm méjì papọ̀ jẹ́ 4 ohm, 4 ohm méjì jẹ́ 2 ohm. Bí wọ́n bá kọ 4 ohm sára áńpù pé òun ni ó kéré jù, 2 ohm máa jó o. Ẹ má sì ki béèsì bọ áńpù gìtá kékeré pẹ̀lú ohùn gíga. Bébà sípíkà rẹ̀ á ya.

## Iná: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù

Áńpù tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ 120V. Iná wa jẹ́ 230V. Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó ki púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ iná. Bí ó bá jẹ́ 120V nìkan, ẹ ra step-down (ẹ̀rọ tó ń dín iná kù) tí agbára rẹ̀ tó ìlọ́po méjì iye watt tí wọ́n kọ pé áńpù ń jẹ. Ti Britain kò nílò rẹ̀, kìkì orí púlọ́ọ̀gì ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Lórí jẹnẹrétọ̀:

- [ ] ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì balẹ̀ kí ẹ tó tan áńpù
- [ ] ẹ pa áńpù kí wọ́n tó yí iná padà sí NEPA
- [ ] ẹ lo stabilizer
- [ ] ẹ má gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì láé, bó ti wù kó máa kùn tó

Ìkìlọ̀. Bí ọwọ́ yín bá wà lórí okùn, tí ètè yín kan maikírófóònù, tí nǹkan kan sì ta yín bí èèrà, ẹ dá iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe ohun tí a ń fara dà. Ó lè jẹ́ pé iná náà kò ní ilẹ̀, tàbí pé wọ́n ki wáyà sódì ní ibì kan. Ẹ má padà síbẹ̀ títí ẹni tó mọ̀ nípa iná yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Béèsì ń gba ni lẹ́mìí báyìí.

## Nígbà tí akọrin bá bẹ̀rẹ̀ láìsọ kíì

Ó máa ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

1. Ẹ dín fólúùmù kù dé ìdajì.
2. Ẹ máa tẹ okùn E láti frẹ́ẹ̀tì 1, tí í ṣe F, lọ sókè, títí ẹ ó fi bá ibi tí orin ń padà sí bíi pé ó délé. *Do* nìyẹn. (Kì í ṣe dò-re-mí àmì ohùn tí wọ́n fi kọ́ wa ní ìwé kíkà o.)
3. *Fa* wà ní frẹ́ẹ̀tì kan náà lórí okùn A. *So* wà ní frẹ́ẹ̀tì méjì níwájú rẹ̀.
4. *Re* wà ní frẹ́ẹ̀tì méjì níwájú *do* lórí okùn E. *La* wà ní mẹ́ta lẹ́yìn *do*. Bí kò bá sí àyè lẹ́yìn, ẹ gbé e lọ sórí okùn A, mẹ́rin níwájú.

Bí oní-kíbọ́ọ̀dù bá na ìka 1-6-2-5, *do, la, re, so* ló ń wí. Bí ẹ bá ṣìnà, ẹ dúró, kí ẹ wọlé padà pẹ̀lú ìlù ẹsẹ̀. Ohùn tó ṣìnà hàn ju ìdákẹ́jẹ́ lọ, pàápàá nísàlẹ̀ níbẹ̀.

Etí ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ ìlù ni wọ́n máa ń fi oní-béèsì sí. Ariwo 85 dB, wákàtí 8 ni etí lè gbà á. Gbogbo 3 dB tó bá lé e ń gé àkókò náà sí ìdajì, tó fi jẹ́ pé ní 94 dB wákàtí kan péré ló kù. Ẹ ra ohun tí a fi ń dí etí.

## Inú báàgì

- [ ] wáyà kejì
- [ ] bátìrì 9V tuntun, tí wọn kò tíì ṣí
- [ ] odindi okùn kan, kódà bó jẹ́ àtijọ́
- [ ] álẹ́nkì àti súkúdiráfà kékeré
- [ ] aṣọ ìnujú tí ẹ máa fi nu òógùn kúrò lára okùn

Lẹ́yìn ìsìn, ẹ fa wáyà yọ kúrò lára gìtá, kì í ṣe lára DI nìkan. Nínú béèsì oníbátìrì, wáyà tó wà nínú ihò ló ń tan iná inú rẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti Sunday dé ọjọ́ ìgbáradì, bátìrì lè ti kú kí ẹ tó dé.